Mẹ́fà Nínú Mẹ́fà

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún yìí, ìyàwó mi kú. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé á padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò padà. Ọdún mọ́kànlélógójì ni a fi jọ gbé.

Lẹ́yìn tí a sin ín, ọmọ mi obìnrin ní kí n kọ gbogbo ohun tí ìyá òun fi sílẹ̀ sínú ìwé, kí a lè mọ èyí tí a máa pín àti èyí tí a máa tọ́jú. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ yín ni. Ta ló mọ nǹkan kọ sílẹ̀ jù yín lọ?"

Kò parọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi yẹ òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò fún ìjọba. Èmi ni mò ń gbé àpótí ìwọ̀n onídẹ mi wọ ṣọ́ọ̀bù alápatà, ti alágbẹ̀dẹ wúrà àti ti ẹni tó ń ta ìṣó, tí mò ń wò ó bóyá kílò kan wọn pé kílò kan. Mo ra ìwé tuntun fún iṣẹ́ tí ọmọ mi gbé fún mi. Mo kọ déètì sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, n kò sì kọ ohunkóhun.

Ilé ìdáná ni ìyàwó mi ń gbé. Ó máa ń sọ pé yàrá wà fún oorun, pálọ̀ wà fún àlejò, ilé ìdáná nìkan ló wà fún èèyàn. N kò lè wọ ibẹ̀. N kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè, nítorí ojú mi kì í ṣe ojú tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dáná ní pálọ̀ nìyẹn. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, a ti fíríìjì jáde, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo gbé sítóòfù kékeré oníná mànàmáná ka orí tábìlì ìkọ̀wé mi, láàárín àpótí ìwọ̀n àti fọ́tò ìgbéyàwó wa. Orí rẹ̀ la ti ń dín ẹyin láràárọ̀. Èéfín kò rí ibi gbà jáde. Nígbà tí ọmọ mi wálé, ó wo tábìlì, ó wo fíríìjì, ó wò mí.

"Bàbá, ó kù kí ẹ gbé ilé ìwẹ̀ náà wá síbí."



Ọmọ mi yìí, tírélà ọ̀nà jíjìn ló ń wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé, tó bá sì dé, oorun ló ń sùn. Èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, la jọ wà nílé. Bàbá ọmọ náà wà níbòmíràn pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Ibẹ̀ náà ló yẹ ẹ́.

Adití ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, dókítà la ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó ti wáyà tín-ín-rín kan wọ inú etí lọ́hùn-ún, ó fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sábẹ́ awọ orí, ó sì rán an padà. Ìyẹn ni ti inú. Ti òde rí bí ẹ̀wà ńlá, ó ń jókòó sẹ́yìn etí, ó sì ní wáyà kúkúrú tó so ó mọ́ ohun róbótó kan tí mágnẹ́ẹ̀tì fi ń lẹ̀ mọ́ orí. Ti òde ló ń gba ohùn, ti inú ló ń gbé e fún ọpọlọ. Bí ti òde bá kúrò lórí rẹ̀, ààrá lè sán ní pálọ̀ wa, kò ní ṣẹ́jú. Bí ó bá fi í padà, tí o bá ń tú bébà súìtì ní yàrá kejì, á bi ọ́ pé tirẹ̀ dà.

Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ yẹn ni ìtàn parí: ọmọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, gbogbo ilé sunkún, ó tán. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjìlá ni ìyàwó mi fi ṣe é. Òun ló kọ́ ọmọ náà pé báyìí ni omi ṣe ń dún, báyìí ni ilẹ̀kùn, báyìí ni Bàbá Àgbà nígbà tí inú bá ń bí i, báyìí náà ni nígbà tí inú kò bí i, kò sí ìyàtọ̀.

Òun náà ló sọ ọ́ ní Adájọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà ti mọ̀ pé bí òun bá fa ohun róbótó yẹn kúrò lórí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. O lè máa bá a wí títí di ọ̀la, ilé ẹjọ́ ti dìde. Ìyàwó mi á sáré lọ dúró níwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ kà lẹ́nu. Adájọ́ á sì di ojú rẹ̀ méjèèjì. Èyí ni ìyàwó mi ń pè ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Láràárọ̀, kí ọmọ tó lọ síléèwé, ìyàwó mi máa ń ṣe ohun kan tí ilé ìwòsàn kọ́ ọ. Ó máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé ìdáná, á fi nǹkan bo ẹnu, á sọ ohùn mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í tò wọ́n bákan náà lẹ́ẹ̀mejì: á, ú, í, ṣ, s, m. Ọmọ á sọ èyí tó bá gbọ́. Ohùn mẹ́fà yìí kárí gbogbo ọ̀rọ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ọmọ bá gba mẹ́fà, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá gbà á, nǹkan ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ti òde, wọ́n á tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ti inú, wọ́n á tún orí là.

Ohun tí Adájọ́ ń bẹ̀rù nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà dé láti ilé ìwòsàn etí pé kí á wá fún àyẹ̀wò ọdọọdún ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà. Wọ́n ní ti inú ti pé ọdún méjìlá, àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó kà á, ó ká a, ó fi í sí abẹ́ ife tíì mi.

"Ẹnikẹ́ni ò ní la orí mi."

"Ta ló ní wọ́n fẹ́ là á?"

"Iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà náà."

Mo ní, "Jẹun."

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gba iṣẹ́ ohùn mẹ́fà. Nítorí ilé ìdáná wà ní títì, pálọ̀ la ti ń ṣe é. Ọmọ á kọjú sí ògiri funfun, èmi á dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn mi sí fèrèsé ńlá tó kọjú sí títì. Oòrùn àárọ̀ ń gba fèrèsé yẹn wọlé bí agbowó orí. Mo fi ìwé àkọsílẹ̀ mi bo ẹnu. Mo fi fìlà mi dé orí, nítorí iṣẹ́ ni, n kì í ṣiṣẹ́ láìdé fìlà. Mo wá sọ ohùn mẹ́fà náà bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà sọ ọ́, ketekete.

Ó gba mẹ́fà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 6/6.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ó gba márùn-ún. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, mẹ́fà ni, mẹ́fà lójoojúmọ́, ó lé lọ́gọ́rin ọjọ́ láìyẹ̀. Ìwé mi mọ́ bí aṣọ ilé ìwòsàn.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé òṣùwọ̀n tí kì í ṣàṣìṣe rárá, kí n wo abẹ́ rẹ̀. Mo wo abẹ́ òṣùwọ̀n alápatà kan nígbà kan, mo bá òwú tó so mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni kílò kan rẹ̀ fi pé géérégé. Ṣùgbọ́n alápatà yẹn kì í ṣe ọmọọmọ mi, n kò sì fẹ́ kó gba mẹ́fà tó bí mo ṣe fẹ́ kí èyí gbà á.

Àmì pọ̀. Tíṣà rẹ̀ kọ̀wé pé ó máa ń bá kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Kẹ́tùlù súfèé títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, òun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí mo bá bi í ní ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, "ẹn-ẹn" ló ń dáhùn, ì báà jẹ́ pé mo béèrè aago tó lù. Mo ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí etí rẹ̀ pé gan-an kì í gbọ́ràn.

Ní oṣù karùn-ún ni aránṣọ tó ń gbé lókè wa sọ̀kalẹ̀ wá. Ìyá Aránṣọ là ń pè é. Ó kan ilẹ̀kùn, kò jókòó, ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri pálọ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Dáadáa ni."

"Ẹ má bínú. Mo ní kí n kàn bi yín ni. Ṣé ẹ ti ra màlúù ni?"

"N kò ra màlúù."

"Ejò ńkọ́?"

"Ìyá Aránṣọ, kí lẹ fẹ́?"

"Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nǹkan á ké bíi màlúù, nǹkan á súfèé bí ejò, lẹ́yìn náà ẹnì kan á ní 'ó dáa.' Bàbá mi, ọ̀fọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kú, iná tábìlì ni ẹ̀gbọ́n náà ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣe ló ń pa fèrèsé dé."

"Ìdánwò etí ni."

"Ìdánwò etí." Ó mi orí. "Ẹ ṣeun. Etí ta ni? Àwa tí a wà lókè?"

"Etí ọmọ ni!"

"Àwọn ọmọ iléèwé ti ń dúró ní òdìkejì títì láti wò yín, Bàbá. Lánàá, wọ́n tò sí ìlà. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n ń rí, fìlà yín á fò sókè, ẹsẹ̀ yín á tiro. Ọ̀kan nínú wọn ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ."

Mo ní mo dúpẹ́, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà wá. Ó gbé kọ́tìnì kan dání, dúdú, nípọn bí aṣọ òtútù. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bùn o, àṣẹ́kù aṣọ ẹ̀wù sójà ni.

"Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kò sẹ́ni tó ní kí gbogbo títì náà máa rí wa."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ìṣẹ́tí aṣọ náà gún régé. Mo gbé e kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, Adájọ́ kọjú sí ògiri, mo dé fìlà, mo fi ìwé bo ẹnu. Mo sọ m.

Kò dáhùn.

Mo tún un sọ. Ó ní, "Á?"

Mo sọ ṣ. Ó ní, "Ú." Mo sọ á, ó gba ìyẹn. Mo sọ s. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Méjì nínú mẹ́fà.

Mo yọ eyín àtọwọ́dá mi, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fi sẹ́nu. Méjì. Mo ní kó pààrọ̀ bátìrì. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan. Mo jókòó. Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti oṣù kẹta: mo bi ara mi léèrè pé kí ló yí padà láàárín àná àti òní. Ẹyin kò yí padà, ọmọ kò yí padà, àgbàlagbà kò yí padà. Kọ́tìnì nìkan ni.

Mo ṣí kọ́tìnì. Oòrùn wọlé. Mo sọ ohùn mẹ́fà. Ó gba mẹ́fà.

Mo pa kọ́tìnì dé. Ọ̀kan.

Mo tún ṣí i, mo sì wo ibi tí òun ń wò. Òjìji mi wà lórí ògiri níwájú rẹ̀, ó tóbi, ó hàn kedere, pẹ̀lú fìlà.

Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tiro, n kò yọ ohùn kankan.

"Í," ni Adájọ́ wí.

Mo la ẹnu sílẹ̀, àgbọ̀n mi wálẹ̀, n kò dún.

"Á."

Mo sọ èjìká méjèèjì sókè.

"Ṣ."

Mo ju orí sẹ́yìn kí fìlà ta, bí eyín ṣe máa ń jẹ́ kó ta nígbà tí mo bá sọ s.

"S."

Mo wá họ etí mi.

Ó ní, "Ìyẹn ò sí nínú mẹ́fà."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi mú àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lo òjìji èmi fúnra mi láti rẹ́ mi jẹ. Òun náà mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ òun, nítorí ó yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Oṣù kẹta."

"Báwo lò ń ṣe gbọ́ nǹkan?"

"Bíi kí èèyàn máa bá mi sọ̀rọ̀ láti inú àpò ìrẹsì."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí ló dé tí ẹ ò wo ògiri?"

"Mo ní kí ló dé tí o ò sọ! Èmi lo rẹ́ jẹ?"

"Ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ mẹ́fà!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. "Ọjọ́ tí mo gba márùn-ún yẹn, ẹ ò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ kàn ń wo ẹyin. Tí mo bá gba mẹ́fà, ẹ máa ń jẹun. Mo wá ní kí n máa gba mẹ́fà."

Mo jókòó sórí apá àga. N kì í jókòó sórí apá àga.

"Bí ó bá jẹ́ ti inú ló bàjẹ́," ó ní, "wọ́n á gbé mi wọ yàrá yẹn. Wọ́n á ní kékeré ni. Ta lá wá máa dín ẹyin fún yín?"

Mo ní, "A máa pe ilé ìwòsàn lónìí."

Ó fa ohun róbótó yẹn kúrò lórí, ó yọ ti ẹ̀yìn etí náà, ó sì lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, tó. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí pé fíríìjì ni mò ń bá sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ojú wà ní dídì. Mo dúró. Mo dúró gan-an. Ó ṣí ojú kan láti wò bóyá mo ṣì wà níbẹ̀, ó rí mi, ó tún un dì. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó sọ ọ́ kò tíì bá Adájọ́ ṣẹjọ́.

Mo wá gbé fóònù. Ibẹ̀ ni mo rántí pé n kò ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà. Ìyàwó mi ló ń pè wọ́n. Nọ́ńbà náà, káàdì ẹ̀rọ, àti gbogbo ohun tí wọ́n lè bi mí wà nínú ìwé rẹ̀. Ìwé rẹ̀ sì wà lórí ìṣó nínú ilé ìdáná.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ó ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó ti lu àpò ṣòkòtò méjì.

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná yìí ní àìsàn tirẹ̀. Bí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ tán, àfi kí o fi èjìká gbá a, gbogbo pátákó ilẹ̀ á sì mì. Mo gbá a. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣí.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Adájọ́ ti dúró sẹ́yìn mi. Kò gbọ́ ilẹ̀kùn o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi mọ̀. Ó ní, láìní ẹ̀rọ lórí, pẹ̀lú ohùn tó lè jí òkú dìde, "Ẹ ti ṣí i!"

Ìyá Aránṣọ dáhùn láti òkè: "Wọ́n ṣí kí ni?"

A wọlé. Eruku wà níbẹ̀, kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ife rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, ó da orí kodò. Mo mú ìwé kúrò lórí ìṣó. Mo ní nọ́ńbà nìkan ni mo máa wò.

Ọdún méjìlá ló wà nínú rẹ̀, lójoojúmọ́. Ìwé tirẹ̀ kò mọ́ bíi tèmi. "6." "5, s kò dára, ọ̀fìnkìn ń ṣe é." "4, ó ń bínú sí mi." "6, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, n kò gbà á gbọ́." Òṣùwọ̀n gidi nìyẹn. Ní ẹ̀yìn ìwé, mo bá ojú ewé kan tó kọ pé:

"Ìbòrí ẹnu ẹ̀rọ. Kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, kẹfà, kẹsàn-án, kejìlá. Àfi kí ó wà nínú ilé ìwẹ̀ kí n tó ṣe é. Bí mo bá fi lé e lọ́wọ́, á ní òun mọ̀ ọ́n ṣe, á sọ gbogbo rẹ̀ nù. Kí Bàbá má rí i, á fẹ́ wọ̀n ọ́n. Agolo bisikíìtì, pẹpẹ òkè."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. N kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ní ẹnu tí ohùn ń gbà wọlé, áḿbọ̀sì kí ẹnu ní ìbòrí. Mo fi ìka tọ́ ọ han Adájọ́. Ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ń pààrọ̀ nǹkan? Mo rò pé bó ṣe máa ń wà nìyẹn!"

Bí ọmọ ṣe ń rò nípa aṣọ fífọ̀ nìyẹn náà.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Nínú ilé tiwa, Adájọ́ ga jù mí lọ. Òun ló gbé agolo sọ̀kalẹ̀. Àwọn ìbòrí náà wà nínú rẹ̀ lórí bébà pélébé, wọ́n kéré ju ìpẹ́ ẹja kékeré lọ. Ó lọ mú ẹ̀rọ kúrò lára fíríìjì. A gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ìbòrí tó wà lẹ́nu rẹ̀, tó yẹ kó funfun, ti di àwọ̀ búrẹ́dì tó jóná. Èéfín ẹyin díndín oṣù mẹ́rin ní pálọ̀, lẹ́bàá orí ọmọ, ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo dín in.

Mo lọ mú ẹ̀mú kékeré inú àpótí mi, èyí tí mo fi ń gbé ìwọ̀n tó kéré jù lọ, nítorí òógùn ọwọ́ lásán lè ba ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ tèmi kì í gbọ̀n. Ó gbọ̀n.

Adájọ́ gba ẹ̀mú lọ́wọ́ mi. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Ẹ ń mì bíi fíríìjì yẹn."

Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun síbẹ̀. Ó sọ ọ̀kan nù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó fi ẹ̀rọ kọ́ etí, ohun róbótó lẹ̀ mọ́ orí. Mo rí i tí ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná, bó ṣe ń ṣe fún ìyá àgbà rẹ̀. Oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé ní àárọ̀. Kò sí òjìji.

Ohun tí ìyàwó mi fi ń bo ẹnu wà lórí ìṣó kan náà: òrùka igi tí ó na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé, kí ohùn lè kọjá kí ètè má hàn. Mo gbé e sí ẹnu. Òórùn rẹ̀ wà lára aṣọ náà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.



"Bàbá Àgbà, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o."

"N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Ó dáa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni."

Mo sọ m. Ó ní, "M." Mo sọ í. "Í." Ó gba á, ó gba ṣ, ó gba ú. Mo sọ s.

"Ṣ."

Mo tún un sọ.

"Ṣ. Bàbá Àgbà, èyí kì í ṣe ẹ̀rọ mi o. Eyín yín ló ń súfèé."

"Márùn-ún ni," ni mo wí.

Ó yí padà kíá, ó ń wo ojú mi bí aláìsàn ṣe ń wo ojú dókítà. Mo mọ ohun tó ń wò. Mo lọ sí pálọ̀, mo gbé sítóòfù padà sí ilé ìdáná, mo dín ẹyin mẹ́rin. Mo jẹ méjì níwájú rẹ̀ tán pátápátá, mo sì fi búrẹ́dì nu àwo. Lẹ́yìn náà ni mo pe ilé ìwòsàn, mo sọ òtítọ́ fún wọn, títí kan ọ̀rọ̀ fìlà. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n dúró díẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ kò fẹ́ lọ. Mo sọ fún un pé n kò mọ ohun tí wọ́n máa rí, n kò sì ní pe ohunkóhun ní kékeré. Mo ní èmi á wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Ó ronú sí i. Ó ní kí n ṣèlérí pé n kò ní dé fìlà.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, dókítà etí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan ó lé. Èmi jókòó, ọwọ́ mi lórí orúnkún. Níkẹyìn ó ní ti inú ń ṣiṣẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa la orí ẹnikẹ́ni. Ó tún ohùn òkè ṣe díẹ̀. Ó wá kọjú sí wa méjèèjì, ó bá wa wí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìbòrí. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, Adájọ́ na ọwọ́ lọ sí orí. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

Mo ní, "Gbọ́ ọ dópin."

Ọmọ mi ń wálé lọ́la. Ó ti béèrè ìwé yẹn nígbà mẹ́ta. Mo ti parí rẹ̀.

Ohun tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, bí mo ṣe kà á ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà:

Ìkòkò, méje. Ọ̀kan kò ní ìdérí. Ìdérí, mẹ́jọ.

Ọ̀bẹ, márùn-ún. Èyí tó mú jù ni ó ń fi gé òwú.

Ife, mẹ́ta. Ti ẹ̀gbẹ́ síńkì ṣì wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e.

Òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun, ọ̀kan. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi gíráàmù mẹ́rìnlá dín. Ìyàwó mi ti ń fi í tan mí jẹ láti bí ogún ọdún. N kò ní tún un ṣe.

Ìgò tí ẹ̀rọ Adájọ́ ń sùn sí kí ó lè gbẹ, ọ̀kan. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Agolo bisikíìtì, ọ̀kan. Kò sí bisikíìtì níbẹ̀.

Ìbòrí ẹnu ẹ̀rọ, méjìlá. Mọ́kànlá wà nínú agolo, ọ̀kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìkẹtàlá sọnù lábẹ́ sítóòfù, a ṣì ń wá a. N kò wọ̀n wọ́n.

Òrùka igi pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ọ̀kan. Kì í ṣe ohun fífọ̀.

Ìwé, ọ̀kan. Ojú ewé mẹ́tàdínlógójì ló ṣófo ní ìparí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mò ń kọ ti àràárọ̀ sí báyìí. Ti òní: 5, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àga kékeré lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀kan. Ẹnì kan ti ń jókòó níbẹ̀.